Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Bàbá Yàn

Òórùn pẹ́ńsùlù tí ọmọ-ọmọ mi ń gbẹ́ ní Dallas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ó ti fẹ́ kọ orúkọ yunifásítì tí yóò borí nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, dá mi padà sí ọ̀sán kan nígbà èwe mi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Délé, ẹ̀gbọ́n mi, wọ àṣekágbá irú ìdíje bẹ́ẹ̀; létí pápá, Bàbá fi pẹ́ńsùlù kọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé pé alátakò wọn ni yóò borí.

"Baba Délé, ọmọ yín mà ni balógun ẹgbẹ́ wọn!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jókòó tì í ké.

"Délé kẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ju odó lọ."

Mo fura pé Bàbá kórìíra ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń ṣọ́ ọ; kò gbé ojú kúrò lára Délé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹnu ayé ni ó ń bẹ̀rù fún un.

Délé ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn wọlé, kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ sì borí.

"Baba Délé, ẹ kùnà o!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ké.

"Mo kùnà!" ni Bàbá ń pariwo, ó gbé mi kọ́rùn, ó ń sáré lọ bá Délé.