Ibòòji Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Mi

Wolé-wolé kan tó kúrú ló sọ mí di ẹni tó ń gbé téèpù ìwọ̀n kiri. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé Jákàńdè ní Ilasan, ó gbójú sókè wo páànù tó nà síta lókè ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà rẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ara ògiri bọ̀ síta, gìgísẹ̀ kan níwájú ìkejì.

"Ẹsẹ̀ bàtà méje," ó ní. "Mẹ́rin ni káńsù gbà, màdáámù. Ẹ gé e, àbí kí àwa wá bá yín gé e."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò. Bàtà náà kéré bíi tọmọ ilé-ìwé. Nígbà tó lọ tán, mo lọ ra téèpù onírin ní Ajah, mo wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́wàá. Inú mi dùn débi pé mi ò tiẹ̀ rò ó pé ó ṣì ju mẹ́rin lọ. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé ẹni tó gbé òfin wá kò mú ohun ìwọ̀n dání.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rí ayọ̀ kankan níbẹ̀. Irun ló ń dì, irun kan sì lè gba ìdajì ọjọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù gbóná, iná ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà abẹ́ páànù yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn obìnrin ń ti VGC, àdúgbò àwọn olówó, wá jókòó síbẹ̀, wọ́n á bọ́ bàtà, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wọn.

"Bí ibòòji yìí bá lọ, àwọn náà lọ nìyẹn," ó ní. "Èwo wá ni ti ínǹṣì?"

Mo lọ sí káńsù. Mo lọ títí tí ọlọ́dẹ ẹnu géètì fi ń pè mí ní Injiníà. Mo ka òfin náà, mo ka àtúnṣe rẹ̀, mo mọ èyí tó jẹ́ ti títì yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti àyíká. Kò síbi tí wọ́n kọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ibòòji ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ kọjá etí gọ́tà tó wà lápá ilé. Mo sáré padà wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni mẹ́rin. Gọ́tà ni òfin ń wò."

"Gọ́tà dà?"

Òótọ́ ló sọ. Ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń fi gọ́tà sílẹ̀ ní gbangba. Oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ti da kọnkéré bò ó kí oníbàárà lè ríbi gbà wọlé, àwọn kan sì ti fi táìsì tẹ́ ẹ. Orí gọ́tà ni gbogbo wa ń dúró sí, kò sẹ́ni tó mọ etí rẹ̀.

Nígbà tí wolé-wolé padà dé, mo ṣàlàyé fún un, ó sì fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Kò burú, Injiníà," ó ní. "Ẹ bá wa ṣí i, ká jọ wò ó."

Mo pe lébìrà méjì, wọ́n fọ́ kọnkéré náà. Mo kúnlẹ̀ sínú òórùn gọ́tà, mo fa téèpù láti ara ògiri dé etí rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínǹṣì kan. Mo tún un wọ̀n, kò yí padà. Wolé-wolé ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn mi.

"Téèpù yín ni o," ó ní. "Kì í ṣe bàtà mi."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. "Ọ̀gá, mẹ́rin tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wa, a ò lè gbà á padà?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ pé àbúrò yín ní kò sí nínú òfin ni?"

Alájórin wá gé páànù náà dé etí gọ́tà. Mo ra agboòrùn ńlá láti fi dí àlàfo náà. Àwọn wolé-wolé méjì mìíràn dé, wọ́n ní ohunkóhun tó bá ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀ níta, ilé ni lójú òfin. Mo mọ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, mo sì ká agboòrùn náà. Lẹ́yìn náà ni ti òjò: omi orí páànù kò gbọdọ̀ já sínú gọ́tà tààrà. A tún gé ínǹṣì mẹ́fà. Kò sí èyí tó pariwo mọ́ wa nínú wọn. Ohun kékeré ni kálukú gbé wá, ó sì wà nínú ìwé lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló tán mi lókun.

Ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà bí oòrùn bá ti ń yẹ̀ àtàrí ni ibòòji ń sún mọ́ ògiri. Àwọn tó ń ti VGC wá ti ń béèrè bóyá àárọ̀ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo wọn ibòòji náà fún un láná ní aago méjì ọ̀sán, níbi tí orí oníbàárà máa ń wà. Ẹsẹ̀ bàtà kan àti ínǹṣì méjì ni. Àga oníbàárà nìkan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ínǹṣì mẹ́fà.