Tùràrí Tí Mo Sun fún Eku Mojí

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Èmi ni mo sun tùràrí nínú yàrá tí ìyá eku wà pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì lajú. Kì í ṣe ọmọdé ló ṣe é, kì í ṣe àlejò. Èmi ni, àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ, tó ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Òórùn tùràrí náà kò tíì kúrò lára kọ́tìnnì wa títí di òní. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí mo gun àtẹ̀gùn dé inú fúláàtì wa ní Thames View, ní Barking nílùú òyìnbó níbí, bó ṣe ń kọlù mí nímú báyìí, ọkàn mi kì í dúró síbí mọ́. Abà wa lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó ló máa ń lọ, sí ìdí garawa kan tí èmi àti Làmídì ọ̀rẹ́ mi jọ ń ṣọ́ nígbà tí a kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Mojí, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ló ni eku. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tó ti ríṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko aláìsàn. Ẹ má rò pé eku ilé ni o. Eku aṣálẹ̀ ni, láti ilẹ̀ Ọsirélíà lọ́hùn-ún. Etí rẹ̀ gbòòrò bí ewé, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, irun sì ṣù sí ìparí ìrù náà bíi búrọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá burú jù, ó gùn bíi ti tata. Kì í sáré bí eku gidi, fífò ló ń fò. Inú àpótí onígíláàsì tí Mojí da yanrìn kún ló ń sìn wọ́n sí, ó ń fún wọn ní jéró àti èso koríko, bí wọ́n bá sì bímọ tí ọmọ náà dàgbà, a fi fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sin irú wọn.

Àwọn àgbà wa a máa wúre pé kí eku ó ké bí eku, kí ẹyẹ ó ké bí ẹyẹ. Èwo wá ni ti eku tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́? Mo bi Mojí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ọjọ́ kejì tí abo inú wọn bímọ ni ibi iṣẹ́ rán Mojí lọ sí Birmingham fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti gbé akọ sí àpótí mìíràn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ́ńkù, ẹ ò ní ṣe nǹkankan o. Ẹ kàn máa da oúnjẹ sí i, kẹ́ ẹ padà pa ilẹ̀kùn dé. Kò gbọdọ̀ sí ariwo, kò gbọdọ̀ sí òórùn kankan. Tí ẹ̀rù bá bà á jù, ó lè pa àwọn ọmọ ẹ̀ jẹ."

"Ta lẹ̀rù ń bà?"

"Eku ni mo ní, Ọ́ńkù. Mi ò tíì dárúkọ yín."

Ọjọ́ kìn-ín-ní lọ ní ìrọ̀rùn. Ní ọjọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe máa ń tètè ṣú nígbà òtútù, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé pẹ̀lú jéró lọ́wọ́. Ìyá eku náà jáde láti inú ihò rẹ̀. Ó nàró lórí ẹsẹ̀ méjì, ó kó ọwọ́ méjèèjì jọ síwájú àyà bí ẹni tó ń gbàdúrà, ó sì tẹjú mọ́ mi. Kò ṣẹ́jú. Èmi náà kò ṣẹ́jú. Lójijì ló fò sókè, ó fi orí gbá ìdérí àpótí náà, gbà!

Ẹ̀yin ọmọ, n kò mọ bí mo ṣe dé ilé ìdáná. Ohun tí mo mọ̀ ni pé jéró wà ní gbogbo ilẹ̀, mo sì ń ka Sáàmù. Ọkàn mi sọ pé eku tó ń nàró bí ènìyàn, ó ní ohun tó rán an níṣẹ́. Mo wá tùràrí jáde, mo sun ún sórí àwo, mo gbé e wọ inú yàrá, mo gbé e sẹ́bàá àpótí. Ẹ̀rọ tí káńsù lẹ̀ mọ́ àjà, tó máa ń kígbe tí èéfín bá rú, bá figbe ta. Mo gbé igi ìgbálẹ̀, mo ń fi gún ẹ̀rọ náà. Ó ń ké, èmi náà ń ké. Ìyá eku ń fò káàkiri nínú àpótí, àwọn ọmọ sì so rọ̀ mọ́ ọmú rẹ̀, ó ń wọ́ wọn lórí yanrìn. Mo rí i tí ọ̀kan já bọ́. Ó pupa bí ẹ̀pà tútù. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Mo gbé àwo tùràrí sá jáde, mo fa ilẹ̀kùn dé. N kò sì ṣí i mọ́. Gbogbo ọjọ́ kejì rẹ̀, etí ni mo ń fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bí olè.

Nítorí mo ti rí ìparí irú rẹ̀ rí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní abà wa, bí wọ́n bá ti sun oko tán, ọdẹ eku dé nìyẹn. A ó dí gbogbo ihò, a ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, a ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín sí i, a ó sì dúró dè é pẹ̀lú igi. Lọ́jọ́ kan, ẹmọ́ tó lóyún jáde sí Làmídì lẹ́sẹ̀. Igi wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ká máa sìn ín. Tó bá bí, ti èmi, ti ìwọ." A wá garawa kẹrosíìnì tó ti gbó, a da yanrìn àti koríko gbígbẹ sí i, a fi ẹní àkísà bò ó lórí. Èkùrọ́ ni a ń fún un. Ìyá mi á máa wí fún àwọn aládùúgbò pé, "Ọmọ àwọn kan ń sin ewúrẹ́, ọmọ tèmi ń sin ẹran ọbẹ̀."

Ẹmọ́ náà bí márùn-ún. Ọdún Iléyá dé, Làmídì bá baba rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó fi garawa sílẹ̀ fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí nǹkan ń jà ràì-ràì nínú koríko. Ejò ni mo pè é. Dípò kí n ṣí ẹní wò, mo dáná, mo fẹ́ èéfín sí i.

Kò sí ejò kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù ti ba ìyá ẹmọ́ dé góńgó, ó ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ, ó ku ìrù tínńtín kan.

Nígbà tí Làmídì dé, mo sọ fún un pé ejò ló wá. Ó sunkún, ó sì gbà mí gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń wá ejò náà kiri pẹ̀lú àdá, ó ní kí n má sún mọ́ ibẹ̀ kí ó má baà bù mí ṣán. Kí òjò tó dé, baba rẹ̀ ti kó wọn lọ sí Kùtọnu. N kò fojú kàn án mọ́ títí di òní.

Nítorí náà, nígbà tí Mojí fi máa dé, orí àtẹ̀gùn níta ló ti bá mi, tí mo wọ kóòtù. Irọ́ ti wà nílẹ̀ fún mi: aládùúgbò ló jó ọbẹ̀, ẹ̀rọ káńsù ló kígbe. Irọ́ tó dára ni, ó dára ju ti ejò lọ. Mo la ẹnu.

"Mojí, èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo fi ti Làmídì kún un. Mojí bọ́ bàtà, ó wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ó kúnlẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ṣoṣo ṣí yanrìn. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di férémù mú.

Láyé tiwa, ta ló jẹ́ kúnlẹ̀ fún eku? Inú ìkòkò ni eku ń lọ, àfi èyí tí ọmọ bíi Làmídì bá sọ igi kalẹ̀ fún. Mo wo ẹ̀yìn Mojí níbi tó kúnlẹ̀ sí, mo sì rántí bí Làmídì ṣe máa ń ká ẹní lórí garawa, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ìkókó. Ọ̀nà jìn láti abà yẹn dé Barking, ṣùgbọ́n irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì tán. Irú tèmi náà kò tíì tán, tó jẹ́ pé èéfín ló ń kọ́kọ́ ro kó tó ro pé kóun wò.

Ó pẹ́. Mo gbọ́ tí Mojí ń kà lábẹ́ ẹnu. Ó kà dé ẹ̀ta, ó dákẹ́. Ó tún ṣí yanrìn díẹ̀.

"Mẹ́rin," ló wí. Ó yí ojú padà, ó wò mí níbi tí mo ti di férémù mú, ojú rẹ̀ kún fún omi, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Gbogbo wọn ló bò mọ́lẹ̀ sábẹ́ ara ẹ̀. Ìyá wọn ò sá, Ọ́ńkù. Ẹ̀yin lẹ sá."