Bàámi Kì í Fá Ohun Gbígbẹ

Ọgbọ̀n ọdún ni bàámi ti ń gé irun fún aráyé, kò sì gé ẹnikẹ́ni létí rí, àfi ara rẹ̀. Òfin kan ló ní: ohunkóhun tí abẹ òun bá máa kàn, omi ni kó kọ́kọ́ kàn án.

Òfin yìí ló bá a dé ilé ìwẹ̀ wa lókè. Omi ń gba etí ọpọ́n ìwẹ̀ kán sí yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí ìyá mi ti ń ránṣọ. Bàámi ní kí a má pe oníṣẹ́ kankan. Ó ra gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n máa ń tẹ̀ sínú àlàfo, ó fi abẹ ha ti àtijọ́ kúrò bí ẹni ń fá irùngbọ̀n ọba, ó fi aṣọ tútù nu ibẹ̀, ó wá tẹ tuntun sí i. Iṣẹ́ náà dán gbinrin. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bó.

Ni aṣọ ìyàwó kan bá dé ọwọ́ ìyá mi, Sátidé ni wọ́n máa wá gbé e. Ìyá mi rọra sọ fún bàámi pé bí ẹ̀kán omi kan bá kàn án, òun á gbé ẹ̀rọ òun lọ sílé àbúrò òun, òun ò sì mọ ọjọ́ àtibọ̀.

Mo lọ bá ẹni tó ta gọ́ọ̀mù. Ó ní gọ́ọ̀mù náà kò lè mú ibi tó bá lómi. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú, kí omi má sì kàn án títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Mo jíṣẹ́ fún bàámi. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

“Ìwọ tí mò ń gé irun fún láti kékeré, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú etí?”

Ó dáa. Lálẹ́ Ọjọ́rú, mo pọn omi mímu pamọ́, mo ti ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ilé pa, mo gbé abọ́ ìfárun rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn mi, mo ní omi àdúgbò ti lọ. Lọ́jọ́ kejì, bàámi wá abọ́ tì, ó wá omi tì, ó kùn títí, ó sì tẹ gọ́ọ̀mù náà sí etí gbígbẹ. Kò sẹ́ni tó wẹ̀ nínú wa títí Sátidé. Ìyá mi ní kí a jìnnà sí aṣọ ìyàwó.

Láàárọ̀ Sátidé, omi “padà dé.” Bàámi wẹ̀ lókè, èmi àti ìyá mi gbójú sókè nísàlẹ̀. Ẹ̀kán kan kò kán. Bàámi sọ̀ kalẹ̀, ó ń yan.

“Ẹ rí i? Ọwọ́ ni.”

Ìyá mi wò mí, ó pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu. Wọ́n wá gbé aṣọ náà lọ, ó funfun báláú, ìyá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń dún ni bàámi yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, abọ́ ìfárun rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ta ló gba omi àdúgbò?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Kò burú,” ó ní. “Nígbà tí o bá tún wá gé irun, gbígbẹ ni màá fá tìẹ.”