Kílọ́ọ̀ṣì Tí Àbúrò Bàbá Mi Kò Jẹ́ Ká Tún Ṣe

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbé ọmọ lé itan kí ọkọ̀ lè gba èrò sí i, bàbá mi ní jíìpù kan tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láti Ìkòròdú títí dé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Àlòkù sójà ni. Kò ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tapólì ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà Èjìnrìn di ẹrẹ̀, tí àwọn lọ́rì rì sínú rẹ̀, jíìpù bàbá mi nìkan ló ń kọjá, nítorí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń yí tó sì ń fa ara rẹ̀ jáde. Òun ló ń kó àwọn obìnrin lọ sí ọjà Èjìnrìn lọ ra ẹja yíyan lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá.

Ará ìhà Ọ̀ṣun ni wá, a kàn ń háyà ilé ní Ìkòròdú ni. Nígbà tí bàbá mi rọ́wọ́ mú díẹ̀, ó lọ sílé lọ mú àbúrò rẹ̀ wá, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Ó bọ́ ọ, ó dá aṣọ sí i lọ́rùn, ó sì kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà nínú jíìpù yìí kan náà. Bàbá Kékeré ni àwa ọmọ ń pè é. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn ìyá mi lọ. Kò lè ti òde dé kó má ra nǹkan fún mi. Bí ìyá mi bá sì fẹ́ nà mí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń sá sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi tán lára mi títí dòní.

Làkúrègbé ló mú bàbá mi ní ẹsẹ̀ òsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ ayé òde òní lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì lè yí gíà láìkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Nínú jíìpù yẹn, irin ló so pẹ́dàlì mọ́ kílọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ọkọ̀: ọ̀pá kan á ti èkejì, èkejì á yí ẹ̀kẹta, gbogbo oríkèé wọn sì ti jẹ. Kó tó wọlé, àfi kí ènìyàn fi gbogbo ara tì í. Nínú ẹrẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yí gíà léraléra, ìyà gidi ni. Bí bàbá mi bá ti Èjìnrìn dé, ìyá mi á fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà, àwa ọmọ á máa gbọ́ bó ṣe ń kérora.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan tó wà nílé wa. Ẹni tó bá ní àbúrò kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àbúrò ló ń jẹ́ iṣẹ́. Ohun tí bàbá mi bá fẹ́ sọ, Bàbá Kékeré ló ń gbé e lọ; ohun tí mẹkáníìkì bá fèsì, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Bàbá mi rán an títí pé kó bèèrè bóyá wọ́n lè rí nǹkan ṣe sí kílọ́ọ̀ṣì yìí. Èsì kan náà ló ń mú bọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn. Ẹ sinmi, ẹ jẹ́ kí n máa wà á fún yín."

Bàbá mi gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, á jókòó síwájú ilé, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti dún, á kọjú sí ògiri. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ọlọ́jà fi ń pe Bàbá Kékeré ní onímọ́tò. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ wá bá bàbá mi pé òun fẹ́ máa gbé Ẹ̀pẹ́, kí òun sì gbé jíìpù náà lọ síbẹ̀. Bàbá mi wo ilẹ̀ títí, ó ní kò burú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Nítorí Bàbá Kékeré tó ń lọ ni o, kì í ṣe nítorí jíìpù.

Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ wá yàrá. Bó ṣe lọ tán, bàbá mi ní ọ̀nà jìn, kí jíìpù má lọ dá àbúrò òun dúró níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n lọ pe mẹkáníìkì wá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e lọ. Ẹ wo inú ẹni tí wọ́n ń dalẹ̀ o!

Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì jáde tòun ti gírísì níwájú orí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ti wá gbà ká ṣe é báyìí?"

"Ká ṣe kí ni?"

"Kílọ́ọ̀ṣì náà ni. Ṣebí mo ti ní ká yọ gbogbo irin yìí dànù, ká fi ọ́pà àti lówà sí i, kó jẹ́ òróró bíréèkì ni yóò máa bá yín tì í. Àbúrò yín ní ẹ lẹ́ ò fẹ́, pé mọ́tò wíwà ti sú yín."

"Àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́, sà. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Níbi tí mo dúró sí, mo ń bẹ Ọlọ́run kí mẹkáníìkì yìí jẹ́ òpùrọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ojú bàbá mi, mo sì mọ̀ pé òun ti gbà á gbọ́. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

"Ṣe é," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mẹkáníìkì tú àwọn irin náà sílẹ̀. Ó de ọ́pà, ìyẹn agolo irin kékeré tí òróró ń wà nínú rẹ̀, mọ́ ìdí pẹ́dàlì. Ó jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ ọkọ̀ láti di lówà mú, ìyẹn agolo kejì tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, ó sì fi páìpù tín-ín-rín so méjèèjì pọ̀. Ó ku kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, ó wá ní kí n gòkè lọ máa bá òun tẹ pẹ́dàlì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tán, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo ti múra láti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í. Ẹsẹ̀ kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ó wọlé wẹ́rẹ́. Èmi ọmọdé! Ohun tó lé bàbá mi kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo bú sẹ́kún lórí àga awakọ̀.

Bàbá Kékeré ti Ẹ̀pẹ́ dé, ó mú búrẹ́dì wá fún mi. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì jù ú fún ajá aládùúgbò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá mi ní, "Gòkè, bá mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì yẹn wò." Bàbá Kékeré fi agbára tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ré lọ gbá ilẹ̀ ọkọ̀ gbàà. Kò gbé e kúrò. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Ó rọ̀?"

"Ó rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Sọ̀ kalẹ̀."

Bàbá mi gòkè, ó yí gíà, ó gbéra. Gbogbo ìjà tí wọ́n jà nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi fi máa ti Èjìnrìn dé, Bàbá Kékeré ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó rí iṣẹ́ dírẹ́bà sí ilé iṣẹ́ kan ní ìhà ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí ní Ìkòròdú, òun àti bàbá mi kò sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí títí bàbá mi fi kú.

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń wa mọ́tò tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá. Ẹsẹ̀ òsì wọn kàn ń gba atẹ́gùn ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ á fi fóònù pè é, kò sí ẹni tí yóò bá a yí ọ̀rọ̀ po lójú ọ̀nà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń jowú yín sí jù kì í ṣe mọ́tò. Bí ẹbí bá dalẹ̀ yín, ẹ ó dí nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ó sì máa bá ayé yín lọ. Àwa ò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá ẹni, bàbá ẹni ni. Níbi ìsìnkú bàbá mi, níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ mi, bó bá ti wọlé, èmi ni mo ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹni tí mo fẹ̀yìn tì yẹ̀ lẹ́yìn mi. Èmi náà á sì ṣe àmín. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn títí ó fi kú, kò sì mọ̀ pé orúnkún mi nìkan ló ń kí òun.