Wọ́ọ̀tì Kan fún Snake Island

Ọ̀gá Fúnṣọ́ ni olórí àwa tí à ń bójú tó rédíò nílé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Wharf Road. Ọdún kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ní kí n ṣírò agbára ẹ̀rọ tí a ó fi máa bá yáàdì wa ní Snake Island, erékùṣù tó wà lódìkejì omi, sọ̀rọ̀. Kò sí tẹlifóònù níbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa, rédíò yìí ni wọn yóò fi pè wá pé ká fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá gbé e.

Wọ́ọ̀tì là ń pe agbára tí ẹ̀rọ fi ń ta ohùn jáde. Mo wo omi náà, mo ní kí ló jìnnà níbẹ̀? Mo kọ wọ́ọ̀tì kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo dán an wò pẹ̀lú ọlọ́dẹ yáàdì. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ọ̀gá gbẹ́kẹ̀ lé mi, wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi, ni mo bá ń yan bọ̀ wálé ní Ajégúnlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀dá rédíò.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọkọ̀ ńlá mẹ́ta gúnlẹ̀ síwájú ọ́fíìsì wa, wọ́n ga ju òrùlé wa lọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni páìpù já lu ẹsẹ̀ Ekpo, jórinjórin kan ní yáàdì. Wọ́n pè wá títí, ariwo ṣàà nìkan la gbọ́. Irin ọkọ̀ ti dí ohùn wọn lọ́nà. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi gbé e sọdá níkẹyìn, ó kù díẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́.

Máníjà béèrè ẹni tó ṣe ìṣirò náà. Kí n tó lanu, Ọ̀gá ti dáhùn: "Èmi ni mo fọwọ́ sí i, sà." Ojú tì mí gan-an. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Nígbà tó ku èmi àti Ọ̀gá, wọ́n ní, "Ọkọ̀ mélòó ló wà níwájú wa ní Sọ́ńdè?"

"Kò sí ìkankan, sà."

"Ọjọ́ tó le jù là ń ṣírò fún."

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ekpo ni mo tì sí kòtò kí èmi tó gbọ́n.

Mo ní ká lo àádọ́ta wọ́ọ̀tì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "O fẹ́ fi ariwo la irin kọjá? Gbé eriálì ga ná." A gbé e sórí táǹkì omi tó ga ju àwọn ọkọ̀ náà lọ, a sì fi wọ́ọ̀tì mẹ́wàá sí i. Ọ̀gá ò jẹ́ ká dán an wò títí ọkọ̀ fi tún kún iwájú wa.

Mo pè. Ekpo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀ padà síbi iṣẹ́, ló dáhùn: "I dey hear you well well. Talk!"

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Ọ̀gá gba rédíò lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n wọ ọkọ̀, kí n lọ sọ ọ́ lójú rẹ̀.