Ojú Kan Lórí Eyín Erin

Nígbà tí Barnaby Garrow kọ́kọ́ rí ojú náà, ẹ̀rín ló rín. Ẹ̀yìn àwo funfun tí ìyàwó rẹ̀ fi ń po ọ̀dà ló wà, lórí eyín erin pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ojú ọkùnrin ni, ẹyọ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìpéǹpéjú rẹ̀ àti irun ojú tí àpá kékeré là létí. Kò sí imú, kò sí ẹnu. Àṣà tó gbòde nígbà náà nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń wá mu omi gbígbóná ní ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gbé ojú àlè wọn kọ́ sáyà, ọkọ á jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ, kò sì ní mọ ẹni tó ń wo òun. Garrow ló ń ṣe ilé wúrà tí wọ́n ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ sí, ó sì máa ń fi àwọn ọkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Ó ní ọkùnrin tí kò bá lè dá ojú mọ̀, kó lọ bá ẹṣin jẹ koríko.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Thomasin ìyàwó rẹ̀ wọlé, tó bá a nídìí tábìlì, tó sì sáré fi aṣọ bo eyín erin náà. Garrow bi í pé ojú ta ni. Thomasin ní ti oníbàárà ni. Ó bi í pé oníbàárà wo. Thomasin ní ṣé ó ti gbàgbé pé ẹni tó ń ya ojú kì í dárúkọ olójú ni. Òótọ́ ni, òfin iṣẹ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, òfin náà kì í dé ọ̀dọ̀ Garrow. Gbogbo olójú ni wọ́n jọ máa ń fi orúkọ wọn rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn.

Ọmọ ayàwòrán abẹ̀bẹ̀ ni Thomasin. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya òdòdó sára abẹ̀bẹ̀ àwọn ìyá olówó, nígbà tí bàbá sì kú, ó fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sídìí eyín erin. Iṣẹ́ náà kò gba ìwàǹwára. Ọ̀dà olómi kì í wọnú eyín erin, orí rẹ̀ lásán ló ń jókòó sí, nítorí náà tótòtó ni wọ́n ń tò ó pẹ̀lú ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì, tí ayàwòrán á sì di èémí rẹ̀ mú. Títí dìgbà tí wọ́n bá fi dígí bò ó, ìka tútù kan ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìdí iṣẹ́ yìí náà ni òun àti Garrow ti pàdé. Garrow gbé ilé wúrà tó kéré jù wá, ó ní kí ó gé etí eyín erin náà díẹ̀ kó lè wọ̀ ọ́. Thomasin ní kó lọ fẹ ilé, òun kò ní torí ilé gé etí onílé. Garrow lọ fẹ̀ ẹ́, kò sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn tí ènìyàn ń mu láàárọ̀ lálẹ́, kò ní pẹ́ sọ ọ́ di aláìsàn. Garrow bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ aya rẹ̀. Ó rí i pé ó ti ń ti ilẹ̀kùn bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ó ti yí àga òun padà nídìí tábìlì, tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé fi ń bọ́ sójú òun gbàà bí òun bá ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀. Á rí i tó tẹjú mọ́ ọn, bó bá sì gbójú sókè, Thomasin á yára wo inú ife tíì rẹ̀. Garrow sọ fún ara rẹ̀ pé bí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe ń wo ẹni tó ṣẹ̀ nìyẹn.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rò. Òun náà ní àpá létí irun ojú, ibi tí ẹ̀ta iná ti jó o nílé iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí Thomasin jáde, ó gbé eyín erin náà lọ sídìí dígí tó fi ń fá irùngbọ̀n. Ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo èyí tó wà nínú dígí. Ti ọwọ́ rẹ̀, apá òsì ni àpá wà. Ti inú dígí, apá ọ̀tún ni. Ó tún un wò, bákan náà ló rí. Ó dá ojú olójú padà sáyè rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wá gbé lé ni Ravenhill, ọ̀gágun ojú omi kan tó tìtorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wá sílùú. Láti ìgbà òtútù ni Thomasin ti parí àwòrán rẹ̀, orí dé àyà, síbẹ̀ ọkùnrin náà kò yé gun àtẹ̀gùn wọn. Ṣọ̀pọ̀ná ti bá ojú rẹ̀ jà kíkankíkan. Ẹni tó bá sì ń wá àpá lójú bẹ́ẹ̀, èyí tó bá wù ú ni yóò rí.

Opó Pask, tó ń ta búrẹ́dì aládùn nísàlẹ̀ ilé wọn, ló wá da epo síná. Ó dá Garrow dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gbẹ́ni Garrow, ṣé iná ti kú níbi iṣẹ́ yín ni?"

"Iná wo, màmá?"

"Mo ní kí n bi yín ni. Mo rí ìyàwó yín ní ṣọ́ọ̀bù Hobday alágbẹ̀dẹ wúrà, ó ń wọn òrùka sọ́wọ́. Irú èyí tí wọ́n ń fi ojú sí yẹn. Ṣé ìyàwó alágbẹ̀dẹ wúrà náà ń ra òrùka níta ni? Hẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ ra búrẹ́dì, ó ṣì gbóná."

Garrow kò ra búrẹ́dì. Bó ṣe ń gòkè ni Ravenhill ń sọ̀ kalẹ̀, tó yà fún un, tó sì tẹríba. Garrow tẹjú mọ́ ọn, ó sì rí àpá tó ń wá. Inú bí i. Nígbà tó wọ yàrá, Thomasin wà nínú ìyẹ̀wù, Garrow ń gbọ́ tó ń bu omi sójú. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, ó tún ń sunkún ọkùnrin náà ni. Ojú náà wà lórí tábìlì, ó ti parí, dígí nìkan ló kù. Ó mọ́lẹ̀ bí ojú alààyè, ó sì ń wo Garrow bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù. Ó fi ahọ́n tọ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì nù ún nù, bí ẹni ń nu wàrà lẹ́nu ọmọ, títí eyín erin náà fi funfun.

Thomasin jáde wá pẹ̀lú aṣọ ìnujú lọ́wọ́. Ó rí i tó dúró nídìí tábìlì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀gágun, ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Èmi ni," Garrow ní. "Ọkọ rẹ."

Thomasin sún mọ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ wá eyín erin náà, ó gbé e sún mọ́ imú bí ẹni fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó pẹ́ tó fi dì í mú bẹ́ẹ̀.

"Ta ló nù ún?"

"Èmi ni mo nù ún. Lọ pe olójú kó tún wá jókòó fún ẹ."

"Olójú ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí."

Garrow ní irọ́ ni, òun ti wò ó nínú dígí, àpá náà kò sí níbi tí tòun wà. Thomasin wá àga, ó jókòó.

"Ẹ lọ na ọwọ́ ọ̀tún yín sí dígí yẹn, kí ẹ wo ọwọ́ tó máa nà sí yín. Dígí lẹ fi ń wo ara yín, Ọ̀gbẹ́ni Garrow. Èmi, iwájú yín ni mo jókòó sí."

Ó wá sọ ìyókù fún un, kò gbé ohùn sókè. Ìkùukùu ló ń bo ojú òun láti ọdún tó kọjá. Dókítà ní kò ní pẹ́ tí yóò fi bò ó tán. Bọ́tìnnì ẹ̀wù Ravenhill ni òun yà síbi tí kò sí, tí òun tún un ṣe tí kò gún, ọkùnrin náà sì ń padà wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí oníbàárà má baà sá. Òrùka ọ̀dọ̀ Hobday, báwo ni òun ṣe fẹ́ ní kí ọkọ òun rọ ilé ojú ara rẹ̀ tí kò ní mọ̀?

"Gbogbo ayé mi ni mo fi ya ọkọ ọlọ́kọ kọ́ sọ́rùn aya aláya," ó ní. "N kò ya tèmi rí. Mo ní kí n fi yín parí iṣẹ́."

Garrow ṣubú lórí eékún. Ó ní kí ó dákun, eyín erin mìíràn wà, òun á jókòó láàárọ̀, òun kò ní mira. Thomasin ní ọwọ́ kò lè rí ohun tí ojú kò rí mọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́ ni wọ́n fi ń tu ènìyàn nínú. Garrow fẹ́ sọ ọ́, ó sì gbé e mì, nítorí agbè gan-an ló ń fọ́ lọ lójú rẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà Thomasin ní kí ó gbé àga rẹ̀ wá sídìí fèrèsé. Ó gbé e wá. Kò mú búrọ́ọ̀ṣì, kò po ọ̀dà, ó kàn sún mọ́ ọn títí orúnkún wọn fi kanra. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù tẹjú mọ́ ojú gbogbo ọkùnrin Bath wá dorí kodò, kò lè wo obìnrin kan ṣoṣo.

"Ẹ gbójú sókè, Ọ̀gbẹ́ni Garrow," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ilẹ̀ ti ń ṣú."