Àpò Àlejò

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ìsọ̀ Tata Mọ́mínà ní ọjà Tchaourou, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lanu sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ náà ló sì lé oníbàárà lọ.

Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà náà, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí mo fi mọ ìwé kà. Ojú máa ń tì mí. Bí ènìyàn bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò kí n tó dáhùn. Ìyá mi ní iṣẹ́ ọjà á là mí lẹ́nu, ló bá fà mí lé Tata lọ́wọ́. Aṣọ àlòkù ni Tata ń tà, ti ọmọ ọwọ́ nìkan: ẹ̀wù, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ ìnura tí wọ́n fi ń gba ọmọ.

Obìnrin kan jókòó níwájú ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń gbé ẹ̀wù kékeré wò, ó tún ń sọ ọ́ kalẹ̀. Tata ṣẹ́jú sí mi pé kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo kó gbogbo ìgboyà mi jọ, mo ní, "Mama, ẹ kú ìjókòó. Oyún yín ti tó oṣù mélòó?"

Obìnrin náà ju ẹ̀wù sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ó fa ìborùn bo ikùn, ó dìde, ó sì lọ láìwẹ̀yìn.

Tata fi ọwọ́ lu itan. "Yéè! Falilá! O dákẹ́ láti òwúrọ̀, mo ní ó dáa, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Àṣé ibi tí wàá ti bà á jẹ́ lò ń wá!"

Tonton Ràfíù, tó ń ta bàtà rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tata, ẹ jẹ́ kó padà sínú ìdákẹ́ rẹ̀ o. Ìdákẹ́ rẹ̀ á tajà ju ẹnu rẹ̀ lọ."

Ìgbà tí ọjà tú ni Tata tó ṣàlàyé fún mi. Lọ́dọ̀ wa, a kì í dárúkọ ọmọ tó ṣì wà nínú lójú gbogbo ayé. Ìyá rẹ̀ gan-an kì í pè é ní ọmọ, kì í sì í gbé aṣọ rẹ̀ wọlé kó tó dé. Àlejò ni wọ́n ń pè é. "Àlejò kan fẹ́ yà sọ́dọ̀ wa," wọ́n á ní, wọ́n á sì máa wo ibòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ̀bí ní matẹ́nítè, ilé ìgbẹ̀bí ìjọba, ò gba ti ìtìjú. Wọ́n fẹ́ kí obìnrin mú ọṣẹ, òwú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, omi jafẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀, àti aṣọ ọmọ wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè ní asiráńsì tó máa bá a gbé díẹ̀ nínú ìnáwó náà. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu ní Goro tàbí ní Alafiarou kò ní. Ohun tó bá rí tà lọ́jọ́ ọjà ló máa fi ra ọṣẹ lónìí. Lọ́jọ́ ọjà mìíràn, ó lè jẹ́ fìlà. Níbo ni kó wá kó wọn sí, nígbà tí ilé ò gbọdọ̀ rí wọn?

Abẹ́ tábìlì Tata ni. Àpótí pákó ńlá kan wà níbẹ̀ tó kún fún àpò. Obìnrin á ya aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ lára ìró rẹ̀, á fà á sí méjì. Ìdajì kan la fi ń so ẹnu àpò, ìdajì kejì á wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í kọ orúkọ sí i. Ẹni tó bá mú ìdajì kejì wá la ń kó o fún, ì báà jẹ́ ọkọ, ì báà jẹ́ ìyá ọkọ. Tata ní ẹrù àlejò kì í ṣe ohun tí à ń kó lé ẹni kẹ́ni lọ́wọ́, nítorí a ò mọ ẹni tó ń fẹ́ ire fún obìnrin àti ẹni tí kò fẹ́.

"Má bi wọ́n ní nǹkan kan," ó ní. "Bí wọ́n bá fún ẹ, gbà á. Bí wọ́n bá bèèrè, fún wọn. Iṣẹ́ onítìjú niṣẹ́ yìí. Bí o bá lè pa ẹnu dé, wàá mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ."

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Inú ìdì ńlá ni aṣọ ti ń dé, Parakou ni Tata sì ti ń lọ gbé e. Bí a bá fẹ́ tú u, a máa ń sọ pé a fẹ́ fọ́ ìdì. Tata á gé okùn, ìdì náà á sì wú sókè bí ẹni tó ti di èémí mú láti òkè òkun. Òórùn kan tí kò jọ òórùn ilé ẹnikẹ́ni nínú wa á gba ìsọ̀ kan. Èmi ni mo ń ṣa aṣọ. Èyí tó ń ṣí níwájú máa ń wà lọ́tọ̀, nítorí kí ìwọ́ ọmọ tó já, kò dáa kí a máa fi ẹ̀wù gba orí rẹ̀. Èyí tó ṣì le bíi páálí máa ń wà nísàlẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Tata ló kọ́ mi pé aṣọ tuntun kò mọ ara ọmọ. Èyí tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti fọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Mo ń rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná, mo ń sá wọn sóòrùn, mo sì ń fi àyọ́nù eléèédú lọ̀ wọ́n.

Ohun kan ń dẹ́rù bà mí nídìí iṣẹ́ náà, n kò sì tètè sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan tí a ń ṣa ìbọ̀sẹ̀, ó bọ́ lẹ́nu mi.

"Tata, àwọn ọmọ tó ni gbogbo èyí ńkọ́? Ṣé wọ́n wà láàyè?"

Tata gbé ìbọ̀sẹ̀ kan sókè, kò ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ. "Kí ló dé tí ẹni tó ni ín fi jọ̀wọ́ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Tata."

"Ó kéré fún un ni. Ó dàgbà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ohun tó wà nínú ìdì yìí pátá, ọmọ tó dàgbà ló bọ́ ọ sílẹ̀."

Mo wo òkìtì aṣọ náà. Ọmọ tí n kò lè kà, níbi tí n kò lè dé láéláé, wọ́n ti dàgbà, wọ́n ń sáré kiri, ohun tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ló sì wà níwájú mi. Láti ìgbà náà, n kì í ju aṣọ ọmọ sórí tábìlì bí àwọn ọlọ́jà tó kù ti ń ṣe. Mo máa ń gbé e kalẹ̀ ni.

Lára àwọn tó ní àpò lọ́dọ̀ wa ni Odẹ́tì, aya àgbẹ̀ kan láti Goro, obìnrin tó máa ń fọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Iṣu ló fi ń rajà lọ́wọ́ wa. Á gbé iṣu lé tábìlì, Tata á fi ojú wọ̀n ọ́n, á ní kó mú ẹ̀wù kan. Bóyá nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá mi sọ tirẹ̀. Ó ti bí rí. Nígbà yẹn, inú ilé ló ra ohun gbogbo sí, ó tò wọ́n sórí ibùsùn. Ọmọ náà kò dúró. Ó ní láràárọ̀ ni aṣọ wọ̀nyẹn máa ń wo òun lójú, títí òun fi kó wọn fún ẹlòmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, bó bá ra nǹkan tán, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kí n bá òun kó o sínú àpò. Ohun kan ṣoṣo tó mú ti ilé wá ni ìró ìyá rẹ̀, tó ti gbó, tó sì rọ̀ bí òwú.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọkùnrin kan gun alùpùpù wọ àárín ọjà, ó kù díẹ̀ kó gun orí bàtà Tonton Ràfíù. Tata ti lọ gbé ìdì ní Parakou, èmi nìkan ni mo wà ní ìsọ̀. Ọkùnrin náà ga, eruku sì ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun.

"Tata Mọ́mínà dà?"

"Ó lọ Parakou."

"Odẹ́tì ìyàwó mi ló rán mi. Ó ní kí n wá gba àpò àlejò. Mo ní àlejò wo? Ló bá pariwo mọ́ mi, agbẹ̀bí sì tì mí síta."

Tonton Ràfíù gbọ́wọ́ lé orí. "Àlejò ń bọ̀ nílé ẹ, ìwọ baálé ò gbọ́?"

"Tonton, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́. A kàn wá kí wọ́n yẹ oyún wò ni. Kò tíì tó àsìkò rẹ̀, ó sì ti ń rọbí."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Tonton. Mo na ọwọ́ sí ọkùnrin náà. "Ìdajì aṣọ náà dà?"

"Aṣọ wo?"

"Èyí tó ya lára ìró rẹ̀."

"Ìró wo?"

Mo mọ àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, kí ni màá fi dán an wò? Mo ní, "Báwo ni ìró náà ṣe rí?"

Ó di ojú bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bi ní ìṣirò. "Ó... ó ní òdòdó?"

"Ọ̀gbẹ́ni, ìró wo ni kò ní òdòdó?" Tonton Ràfíù ló sọ bẹ́ẹ̀.

N kò rí ọkùnrin yìí rí. Bí àpò náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Odẹ́tì. Bí òótọ́ bá sì ni, ọmọ Odẹ́tì á dé sínú ọyẹ́ láìbá aṣọ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa àpò náà yọ nínú àpótí, mo dì í mọ́ àyà.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ," mo ní. "Èmi ni màá gbé e."

"Máa lọ, ọmọ," Tonton wí. "Ojú mi á wà níbí."

Àkànbí ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó ń dá sọ̀rọ̀ lórí alùpùpù títí a fi dé matẹ́nítè: "Òdòdó ni. Òdòdó pupa. Àbí òféfèé?" Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gba ojú wa. Àpò ni mo dì mú.

Agbẹ̀bí pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kúkurú ni, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ̀yin lẹ ní aṣọ ọmọ? Ó ti dé. Ọkùnrin ni, ó kéré gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá rẹ̀, à ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wọlé, kíá!"

Ó tú àpò náà lórí tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo ti lọ aṣọ fún irú wọn títí ọwọ́ mi fi mọ ìwọ̀n wọn lójú òkùnkùn, mo rò pé mo mọ̀ wọ́n. N kò mọ nǹkan kan. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin. Ó la ẹnu, ohùn tó jáde kò tó ti ọmọ ológbò. Agbẹ̀bí fi fìlà dé e lórí, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ó gbé ẹ̀wù kan, ẹ̀wù náà gbé ọmọ mì. Ó gbé òmíràn, bákan náà. Ó kó wọn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀, kò ní mú un gbóná. Àyà ènìyàn ló kù. Bàbá, bọ́ ẹ̀wù ẹ."

"Èmi?"

"Ṣé o ò ní àyà ni?"

Àkànbí bọ́ ẹ̀wù. Agbẹ̀bí fi aṣọ tútù nu eruku àyà rẹ̀, ó fi èyí tó gbẹ nù ún, ó sì gbé ọmọ náà lé e láàárín. Ó yí sí mi. "Ìwọ, fi ìró yẹn di àwọn méjèèjì pọ̀. Dì í bí ẹni ń pọnmọ, ṣùgbọ́n iwájú ni."

Mo gbé ìró ìyá Odẹ́tì, mo yí i ká wọn, mo so ó lẹ́yìn Àkànbí. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, fìlà kékeré náà nìkan ló yọ lókè aṣọ. Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ṣé kí n máa mí?" Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mí, bàbá, máa mí," agbẹ̀bí dáhùn. "Bó bá gbọ́ tìrẹ, òun náà á rántí láti máa mí."

Ó mí. Gbogbo wa ń wo fìlà náà. Ó gòkè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró. Kò sẹ́ni tó mira. Ó tún gòkè. N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó tí a dúró bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé mo gbàgbé ìsọ̀, mo gbàgbé ojú tó ń tì mí, mo súnmọ́ ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí títí etí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìró náà, mo ń gbọ́ èémí ńlá àti èémí kékeré tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Láti yàrá kejì, Odẹ́tì fi ohùn tó rẹ̀ pè. "Ṣé ó wà? Ṣé ó ti wọṣọ?"

Àkànbí ń ka èémí ọmọ náà lábẹ́lẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọwọ́ agbẹ̀bí sì dí. Èmi ló kù. N kò pariwo rí láyé mi, ṣùgbọ́n ohùn kan jáde lẹ́nu mi tó mi gbogbo ògiri matẹ́nítè náà.

"Ó wà! Ó ti wọṣọ! Ó gbóná!"

Ẹ̀jẹ̀ Odẹ́tì dá. Àwọn agbẹ̀bí kò tètè fi wọ́n sílẹ̀ lọ sílé, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ń gba ọmọ náà lé àyà fún ara wọn. Nígbà tí Tata dé láti Parakou, tó gbọ́ pé mo kó àpò jáde láìrí ìdajì aṣọ, ó wò mí títí. "Ìwọ lo gbé e dé ọwọ́ agbẹ̀bí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bon, ó dáa," ó ní, ó sì mú abẹ fún mi kí n gé okùn ìdì tuntun. Òun ló máa ń gé e tẹ́lẹ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá sí ọjà, ọmọ wà lẹ́yìn Odẹ́tì. Àkànbí jókòó ti tábìlì wa, ó ń fi ọwọ́ tí ọkọ́ ti sọ di líle tẹ ẹ̀wù kéékèèké wò bóyá wọ́n rọ̀, ó ń dá èyí padà, ó ń yan tọ̀hún. Àwọn obìnrin dúró, wọ́n ń wò ó.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Papa, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni? Kí lọkùnrin mọ̀ nípa aṣọ ọmọ?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àkànbí ò gbójú sókè.

"Mama," ó ní, "èmi ni aṣọ tí ọmọ yìí kọ́kọ́ wọ̀."

Odẹ́tì yí ẹ̀yìn sí wọn, kí wọ́n lè rí ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa.